Ọjọ́ mélòó ni kí ẹ dá fún oníbàárà? Bí ẹ ṣe lè fi Excel tàbí Google Sheets wá P90 iye ọjọ́ tí iṣẹ́ yín ń gbà

Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá fún aránṣọ, tí wọ́n bá ti parí ọ̀rọ̀ owó, ohun tó kù ni ọjọ́ tí yóò wá gbà á. Ọ̀pọ̀ wa máa ń dá ọjọ́ yẹn látinú orí. Àwọn tó ti ń kọ iṣẹ́ wọn sínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù máa ń ṣírò ìpíndọ́gba, wọ́n á ní, “Ọjọ́ 9 ni iṣẹ́ máa ń gbà wá.” Ìpíndọ́gba yìí ni mo fẹ́ kí ẹ pa tì bó bá ti di ọ̀rọ̀ ìlérí. Nọ́ńbà tó yẹ ká máa fi dá ọjọ́ fún ènìyàn ni percentile, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní P90: iye ọjọ́ tí iṣẹ́ 9 nínú 10 kì í kọjá.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, ṣùgbọ́n bákan náà ló rí fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń kó ẹrù láti London wá sí Èkó, yàrá àyẹ̀wò tó fẹ́ mọ bí èsì ṣe ń pẹ́ tó, àti ọlọ́jà tó fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí àwìn máa ń pẹ́ níta kí owó tó wọlé. Bí ẹ bá ṣáà ti ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ẹ lè bá wa lọ.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ọjọ́ tí ẹ ó máa kọ

Ẹ ṣí àtẹ tuntun. Òpó A ni irú aṣọ, B ni ọjọ́ tí aṣọ wọlé, C ni ọjọ́ tí aṣọ parí, D ni iye ọjọ́ tó wà láàárín wọn. Ẹ kọ orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan sí ìlà 1, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 2.

Ọjọ́ wo gan-an ni ẹ ó máa kọ sí C? Aṣọ lè ti parí, kó ti wà lórí hángà, kí ẹni tó ni ín má sì wá gbà á fún oṣù méjì. Bí ẹ bá ń kọ ọjọ́ tí wọ́n wá gbà á, ìwà oníbàárà ni ẹ ń wọ̀n, kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ọjọ́ tí aṣọ ṣetán ni kí ẹ kọ. Ní ti B, àwọn kan máa ń mú aṣọ wá lónìí, kí láínì rẹ̀ má sì dé títí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Lójú tèmi, ọjọ́ tí ohun gbogbo pé lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè yan ọjọ́ tí wọ́n san àsansílẹ̀ bí ìyẹn bá bá iṣẹ́ yín mu jù. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí ẹ lo ọ̀kan lónìí, kí ẹ lo èkejì lọ́la.

Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ ni

Nọ́ńbà lásán ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú nígbà tí a bá kọ ọjọ́ fún un. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2025 jẹ́ 45691 lọ́dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ 7 oṣù kan náà sì jẹ́ 45695. Ìdí nìyẹn tí a fi lè yọ ọjọ́ kan kúrò lára òmíràn, tí yóò sì fún wa ní 4.

Ibi tí wàhálà wà ni bí a ṣe ń kọ ọ́. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ la máa ń kọ ṣáájú oṣù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Britain ṣe ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló máa ń ṣáájú. Fóònù àti kọ̀ǹpútà púpọ̀ tí à ń rà sì ti wá pẹ̀lú ètò Amẹ́ríkà lára. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ 03/02/2025 sí B2, ẹ kọ 07/02/2025 sí C2. Iṣẹ́ ọjọ́ 4 ni. Kọ̀ǹpútà tó ń lo ètò Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹta títí dé ọjọ́ 2 oṣù Keje, yóò sì gbé 122 jáde. Kò ní pariwo, kò sì ní fi àmì kankan hàn. Ìlà tó tẹ̀lé e, 10/02/2025 sí 15/02/2025, ni yóò tú àṣírí rẹ̀: kò sí oṣù 15, nítorí náà kọ̀ǹpútà yóò fi èyí sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, fọ́múlà yóò sì gbé #VALUE! jáde.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé bí ẹ bá rí ọjọ́ kan ṣoṣo tó di ọ̀rọ̀ nínú òpó kan, ó ṣeé ṣe kí àwọn yòókù tí nọ́ńbà ọjọ́ wọn kò ju 12 lọ ti yí padà láìsọ. Títún ìlà tó pariwo ṣe nìkan kò tó. Ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ wo gbogbo wọn.

Fọ́múlà yìí yóò sọ iye àpótí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ dípò ọjọ́:

=SUMPRODUCT(--ISTEXT(B2:C300))

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Bí kò bá jẹ́ 0, ẹ lè fi ojú wá wọn: ọ̀rọ̀ máa ń fara mọ́ apá òsì àpótí, ọjọ́ tó jẹ́ ojúlówó máa ń fara mọ́ apá ọ̀tún, àyàfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá ti yí i.

Nínú Google Sheets, ẹ lọ sí File, kí ẹ tẹ Settings, kí ẹ yan United Kingdom ní abẹ́ Locale. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó kó ọjọ́ sínú àtẹ, torí pé ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ti ṣì kà kò ní tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ẹ bá yí ètò padà lẹ́yìn náà. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ pa àwọn ọjọ́ náà rẹ́, ẹ yí Locale, kí ẹ tún wọn kó wọlé láti ibi tí wọ́n ti wá. Nínú Excel, ètò Region ti Windows fúnra rẹ̀ ló ń pinnu. Bí gbogbo òpó náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ fi kọ́sọ̀ mú un, ẹ lọ sí Data, kí ẹ tẹ Text to Columns, kí ẹ yan Date, kí ẹ sì mú DMY (ọjọ́, oṣù, ọdún).

Èmi fúnra mi fẹ́ràn kí ọdún máa ṣáájú: 2025-02-15. Kò sí ètò tó lè ṣì í kà, yálà ní Ìbàdàn, ní Houston tàbí ní Cotonou. Bí ẹ bá ní ọmọṣẹ́ tó ń bá yín kọ ọ́, bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ nìyẹn.

Yíyọ ọjọ́ kúrò lára ọjọ́

Ní D2, ẹ kọ:

=IF(OR(B2="",C2=""),"",C2-B2)

Kí ẹ sì fà á wálẹ̀. Ẹ má kọ C2-B2 lásán. Bí C bá ṣófo, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí 0, yóò sì fún yín ní -45691. Bí B ló ṣófo, yóò fún yín ní 45695. Ẹyọ kan péré irú rẹ̀ ti tó láti sọ gbogbo ìṣirò di ìranù. Fọ́múlà òkè yìí máa ń fi àpótí sílẹ̀ lófìfo, PERCENTILE sì máa ń fo irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Bí D bá gbé ọjọ́ jáde dípò nọ́ńbà, bíi 04/01/1900, ìrísí àpótí ló fà á. Ẹ yí i sí Number. Ẹni tó bá ń lo Google Sheets lè rí 03/01/1900 níbi tí Excel ti fi 04/01/1900 hàn, nítorí Excel gbà pé ọdún 1900 ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì, èyí tí kò ní rárá. Àṣìṣe àtijọ́ tó jogún láti inú Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò kan tó ti wà ṣáájú rẹ̀, ni. Kò pa iṣẹ́ wa lára, torí láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1900 wá, nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò.

Ẹ tún wò bóyá nọ́ńbà kan wà tó kéré sí 0. Aṣọ kò lè parí kó tó wọlé:

=COUNTIF(D2:D300,"<0")

Percentile fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ 12. Àpẹẹrẹ tí mo ṣe fún ìtọ́sọ́nà yìí ni. Bí a bá tò wọ́n láti orí èyí tó yá jù dé orí èyí tó pẹ́ jù, iye ọjọ́ wọn nìyí:

4, 5, 5, 6, 6, 7, 7, 8, 9, 10, 14, 31

Èyí tó gba ọjọ́ 31 jẹ́ agbádá tí iṣẹ́ ọnà pọ̀ lára rẹ̀. Kò sí aránṣọ tí kò ní irú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìpíndọ́gba wọn, =AVERAGE(D2:D13), jẹ́ 9.33. Àárín wọn, =MEDIAN(D2:D13), jẹ́ 7. Agbádá kan yẹn ló fa ìpíndọ́gba sókè. Síbẹ̀ náà, bí ẹ bá ṣèlérí ọjọ́ 9 fún gbogbo ènìyàn, iṣẹ́ 9 ni yóò bá ọjọ́ náà, 3 yóò já ìlérí. Oníbàárà kan nínú mẹ́rin ni yóò wá lásán. Bí ẹ bá ṣèlérí ọjọ́ 7 tó wà láàárín, ènìyàn 5 nínú 12 ni yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹ wá kọ èyí sínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́:

=PERCENTILE.INC(D2:D13,0.9)

Yóò fún yín ní 13.6. 0.9 ni ẹ ó kọ, kì í ṣe 90. Bí ẹ bá kọ 90, #NUM! ni ẹ ó rí. Ẹ kò nílò láti to nọ́ńbà náà tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò tò ó fúnra rẹ̀.

Níbo ni 13.6 ti wá, nígbà tí kò sí iṣẹ́ kankan tó gba ọjọ́ 13.6? Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Iṣẹ́ wa jẹ́ 12. Kọ̀ǹpútà á yọ 1 kúrò, ó ku 11. Á fi 0.9 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 9.9, á tún fi 1 kún un, ó di 10.9. Ipò 10.9 ló ń wá nínú ìtò wa. Ipò 10 jẹ́ 10, ipò 11 jẹ́ 14. Àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ 4. Yóò mú ìdá 0.9 nínú 4, èyí tó jẹ́ 3.6, yóò sì fi kún 10. Ó di 13.6.

Ẹ kò lè sọ fún oníbàárà pé kó wá ní ọjọ́ 13.6. Ẹ gbé e sókè:

=ROUNDUP(PERCENTILE.INC(D2:D13,0.9),0)

Ọjọ́ 14 nìyẹn. Ẹ wá dán an wò pẹ̀lú iṣẹ́ tó ti kọjá:

=COUNTIF(D2:D13,"<=14")/COUNT(D2:D13)

Iṣẹ́ 11 nínú 12, ìyẹn nǹkan bí ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Fọ́múlà kejì yìí wúlò gan-an fún ẹni tó ní ọjọ́ kan lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ń ṣèlérí ọjọ́ 10, ẹ fi 10 rọ́pò 14: ìdá 83 ni yóò bá a.

Ẹ ó rí PERCENTILE.EXC náà nínú àkójọ fọ́múlà. Ó yàtọ̀ díẹ̀. Kì í yọ 1 kúrò, ńṣe ló máa ń fi 1 kún iye iṣẹ́: 13 lọ́nà 0.9 jẹ́ 11.7. Ipò 11 jẹ́ 14, ipò 12 jẹ́ 31, ìdá 0.7 nínú 17 jẹ́ 11.9, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 25.9. Ẹ rí i pé láti inú iṣẹ́ 12 kan náà, ọ̀kan sọ 13.6, èkejì sọ 25.9. Bí ẹ bá béèrè P95 (iye ọjọ́ tí iṣẹ́ 95 nínú 100 kì í kọjá) lọ́wọ́ EXC, yóò gbé #NUM! jáde, torí ipò 12.35 kò sí nínú iṣẹ́ 12. Àwọn méjèèjì kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí ìyàtọ̀ wọn ń sọ fún yín ni pé iṣẹ́ 12 kéré jù láti fi sọ̀rọ̀ nípa òpin ìtò. Bí iṣẹ́ bá ti pé 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì kì í sábà jìnnà síra wọn mọ́. Ẹ mú INC, kí ẹ máa lò ó nígbà gbogbo. Kí iṣẹ́ yín tó pé 30, ẹ má gbé ara lé P95 rárá. PERCENTILE tí kò ní ìrù kankan lẹ́yìn jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú INC. Ó wà níbẹ̀ fún àwọn àtẹ tó ti pẹ́.

Àwọn tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tí Excel wọn wà ní èdè Faransé yóò kọ ọ́ báyìí, pẹ̀lú àmì kókó-kọmá láàárín àti kọmá nínú nọ́ńbà:

=CENTILE.INCLURE(D2:D13;0,9)

Iṣẹ́ tí kò tíì parí

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń pa irọ́, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Fọ́múlà tí a kọ sí D máa ń fo iṣẹ́ tí C rẹ̀ ṣófo. Ó bójú mu fún aṣọ tó wọlé lánàá. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ 65 ńkọ́? Òun náà ń di fífò, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ló pẹ́ jù. Bí iṣẹ́ bá ṣe pẹ́ tó ni ìṣirò ṣe ń gbàgbé rẹ̀ tó. Ṣọ́ọ̀bù tí iṣẹ́ ti há mọ́ lọ́wọ́ yóò máa rí P90 tó dára, nígbà tí oníbàárà ń jà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ fi òpó E kún un. Kí iṣẹ́ tó ti parí gba iye ọjọ́ rẹ̀, kí èyí tí kò tíì parí gba iye ọjọ́ tó ti lò títí di òní:

=IF(B2="","",IF(C2="",TODAY()-B2,C2-B2))

Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn, torí nísinsìnyí aṣọ tó wọlé lánàá yóò wọ ìṣirò pẹ̀lú 1, bí ẹni pé ọjọ́ 1 péré ló gbà. Ìyẹn náà kì í ṣe òtítọ́. Nítorí náà, àwọn iṣẹ́ tó wọlé ní ó kéré tán ọjọ́ 60 sẹ́yìn nìkan ni kí ẹ lò, gbogbo wọn pátá, yálà wọ́n ti parí tàbí wọn kò tíì parí:

=PERCENTILE.INC(FILTER(E2:E300,(B2:B300<=TODAY()-60)*(B2:B300<>"")),0.9)

Ẹ wo ìdí tí èyí fi ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí kò tíì parí láàárín àwọn wọ̀nyí ti lo ọjọ́ 60 ó kéré tán. Yóò dúró sí apá òpin ìtò, ibi kan náà tí yóò dúró sí bó bá wá parí ní ọjọ́ 70 tàbí ní ọjọ́ 200. Ipò nìkan ni percentile ń wò, kì í wo bí òpin ṣe jìn tó. Bí P90 tí ẹ rí bá wà nísàlẹ̀ 60, tí iṣẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipò náà sì ti parí, nọ́ńbà náà péye, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí aṣọ tó kù yóò parí. Ìpíndọ́gba kò lè ṣe èyí láéláé: títí aṣọ tó kẹ́yìn yóò fi parí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan tí kò tíì parí, tó ti lo ọjọ́ 65, kún 12 tí a ní. Ó di 13. Ipò P90 di 0.9 lọ́nà 12, pẹ̀lú 1, ìyẹn 11.8. Ipò 11 jẹ́ 14, ipò 12 jẹ́ 31, ìdá 0.8 nínú 17 jẹ́ 13.6, tí a bá fi kún 14 ó di 27.6. Àárín ìtò ṣì jẹ́ 7. Aṣọ kan ṣoṣo tí a gbàgbé ló mú P90 kúrò ní 13.6 bọ́ sí 27.6. Kì í ṣe pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n wá lọ́jọ́ 28. Ohun tó ń sọ ni pé irú iṣẹ́ méjì ló wà nínú àtẹ yìí, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, èyí tí a ó ṣe láìpẹ́.

Bí P90 tí fọ́múlà yìí gbé jáde bá ju 60 lọ, ó túmọ̀ sí pé ọjọ́ 60 kò tó fún irú iṣẹ́ yín. Ẹ sọ ọ́ di 90 tàbí 120. Aṣọ tí oníbàárà sì gbà padà láìrán, ẹ gbé e lọ sí àtẹ mìíràn. Kò parí, kò sì ní parí, kò yẹ kó máa dàgbà lójoojúmọ́ nínú E.

Bí ẹ kò bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́

Aránṣọ tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Àìkú lè fẹ́ ka ọjọ́ iṣẹ́ nìkan. NETWORKDAYS lásán máa ń yọ ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú, èyí tí kò bá ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa mu. Ẹ lo ẹ̀gbọ́n rẹ̀:

=MAX(0,NETWORKDAYS.INTL(B2,C2,11,$H$2:$H$20)-1)

Nọ́ńbà 11 ń sọ pé ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìsinmi. Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan yóò kọ 17. Mo yọ 1 kúrò nítorí fọ́múlà yìí máa ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí pọ̀: láti ọjọ́ Ajé 10 oṣù Kejì 2025 dé Àbámẹ́ta ọjọ́ 15, yóò ka 6, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 5 ni a ti ń kà bọ̀. MAX sì wà níbẹ̀ kí aṣọ tó wọlé tó sì parí ní ọjọ́ Àìkú kan náà má bàa di -1.

H2 sí H20 ni kí ẹ kọ àwọn ọjọ́ ìsinmi sí: ọjọ́ 1 oṣù Kíní, ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, Kérésìmesì àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Àwọn tó wà ní Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn tàbí Èkó lè fi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, kún un. Àwọn ti Bẹ̀nẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, àwọn ti Tógò ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin. Ọdún Àjíǹde, ìtúnu ààwẹ̀ àti Iléyá máa ń yí lọ́dọọdún, kò sí fọ́múlà tó ń bá yín fi wọ́n sí i. Ọwọ́ ni ẹ ó fi kọ wọ́n nígbà tí wọ́n bá ti kéde.

Bí ẹ bá ti rí P90 lọ́jọ́ iṣẹ́, ká ní 12, fọ́múlà yìí yóò sọ ọjọ́ tí oníbàárà òní yóò wá:

=WORKDAY.INTL(TODAY(),12,11,$H$2:$H$20)

Ní tòótọ́, oníbàárà kì í ka ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ tó máa wọ aṣọ náà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ìsinmi yín kò bá pọ̀, ọjọ́ lásán tó wà ní D ti tó, ó sì rọrùn láti ṣàlàyé.

Fún iṣẹ́ tí kì í pé ọjọ́ kan, bíi títún fóònù ṣe, ẹ kọ wákàtí mọ́ ọjọ́. C2-B2 yóò fún yín ní ìdá ọjọ́. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 24 láti rí wákàtí. Bí ẹ bá fẹ́ kó rí bí aago, ẹ lo ìrísí [h]:mm. Àmì [ ] yẹn ṣe pàtàkì: láìsí i, wákàtí 26 yóò fara hàn bí 2:00.

Ẹ ya irú iṣẹ́ sọ́tọ̀

Bùbá àti ṣòkòtò kì í ṣe ẹgbẹ́ agbádá. Kí ẹ tó dá ọjọ́ kan fún gbogbo wọn, ẹ wo ti ọ̀kọ̀ọ̀kan:

=PERCENTILE.INC(FILTER(E2:E300,(A2:A300="Agbada")*(B2:B300<=TODAY()-60)*(B2:B300<>"")),0.9)

FILTER wà nínú Google Sheets, nínú Excel 2021 àti Excel 365. Ẹni tí Excel rẹ̀ ti pẹ́ yóò lo IF dípò rẹ̀, yóò sì tẹ Ctrl, Shift àti Enter pọ̀ lẹ́ẹ̀kan:

=PERCENTILE(IF((A2:A300="Agbada")*(B2:B300<=TODAY()-60)*(B2:B300<>""),E2:E300),0.9)

Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò fi àmì ohùn sórí Agbada nínú fọ́múlà. Lójú kọ̀ǹpútà, “Agbádá” àti “Agbada” jẹ́ nǹkan méjì. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, tí ẹnì kejì kọ ọ́ láìsí àmì, ìdajì iṣẹ́ yín yóò pòórá nínú ìṣirò láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ lè lo àmì, ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ṣe àkójọ tí ènìyàn yóò máa mú nínú rẹ̀. Ẹ fi kọ́sọ̀ mú òpó A, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Data validation, kí ẹ sì kọ orúkọ aṣọ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Bí irú aṣọ kan kò bá ní ju iṣẹ́ 5 tàbí 6 lọ, ẹ má ṣírò P90 fún un. Ẹ wo èyí tó pẹ́ jù nínú wọn pẹ̀lú =MAX, kí ẹ fi ìyẹn dá ọjọ́ títí iṣẹ́ yóò fi pọ̀ sí i.

Bí àkókò ṣe ń yí

P90 ti oṣù Kejì kò wúlò fún oṣù Kejìlá, nígbà tí aṣọ ẹbí àti aṣọ ọdún bá ti kún ilẹ̀. Ẹ lè mú iṣẹ́ tó wọlé láàárín ọjọ́ 60 sí ọjọ́ 150 sẹ́yìn nìkan, nípa fífi (B2:B300>=TODAY()-150) kún FILTER, kí nọ́ńbà yín má bàa jẹ́ ti ọdún tó kọjá. Fún àsìkò ọdún, ẹ padà wo iṣẹ́ tó wọlé láti oṣù Kẹwàá dé oṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú, kí ẹ sì fi P90 tiwọn dá ọjọ́.

Bí ẹ bá ní P90 ti oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe rò wọ́n pọ̀ kí ẹ sì fi 3 pín in láti rí ti oṣù mẹ́ta. Nọ́ńbà tó bá jáde kì í ṣe P90 ohunkóhun. Oṣù kan lè ní iṣẹ́ 10, kí òmíràn ní 60, ipò àwọn iṣẹ́ yóò sì yí padà pátápátá nígbà tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀. Ìlà iṣẹ́ gbogbo oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ kó jọ, kí ẹ ṣírò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi òpó kan tó kẹ́yìn kún àtẹ náà, òpó F, fún ọjọ́ tí ẹ dá fún oníbàárà. Lóṣooṣù, ẹ ka iye iṣẹ́ tó parí kí ọjọ́ yẹn tó kọjá:

=SUMPRODUCT((C2:C300<>"")*(F2:F300<>"")*(C2:C300<=F2:F300))/SUMPRODUCT((F2:F300<>"")*(F2:F300<TODAY()))

Fọ́múlà yìí ń fi gbogbo iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ṣe ìpìlẹ̀, títí kan àwọn tí kò tíì parí. Iṣẹ́ tó parí ṣáájú ọjọ́ tí kò tíì pé lè gbé e sókè díẹ̀, nítorí náà ìparí oṣù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ àwọn tí ọjọ́ wọn ṣì wà níwájú, ni kí ẹ kà á. Bó bá wà ní àyíká 0.9, ọjọ́ tí ẹ ń dá bá iṣẹ́ yín mu. Bó bá já sí 0.75, ẹ tún P90 ṣírò pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun, kí ẹ sì yí ọjọ́ tí ẹ ń dá padà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.